Taco Oníkebab ní Fremont: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí Nípa Ilé Oúnjẹ Afghanístàn pẹ̀lú Mẹ́síkò

Kò sí àlejò tó wá kí mi ní Hayward, ìlú kan ní Kalifọ́níà, ì báà ti Ìbàdàn wá, ì báà ti Houston wá, tí n kì í wa mọ́tò gbé lọ jẹun ní Fremont. Ibi tí mo ń gbé wọn lọ kì í ṣe ilé oúnjẹ olówó ńlá. Kántà kan, tábìlì bíi mẹ́jọ, àga onírin tó máa ń dún bí ẹ bá fà á. Ará Afghanístàn ló ni ín, àmọ́ taco, burrito àti quesadilla, ìyẹn àwọn oúnjẹ Mẹ́síkò tí wọ́n ń fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ ṣe, ló wà nínú ménù tó wà lára ògiri. Inú mọ́tò ni ìbéèrè ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sì í tán títí a ó fi padà délé. Mo ti dáhùn wọn títí ó fi sú mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ wọ́n sílẹ̀. Irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan ní Kalifọ́níà, nítorí náà ibikíbi tí ẹ bá ti bá a pàdé, èyí á wúlò fún yín.

Oúnjẹ wo gan-an ni wọ́n ń tà níbẹ̀?

Oúnjẹ Afghanístàn tí wọ́n wọ aṣọ Mẹ́síkò fún. Aṣáájú wọn ni taco oníkebab. Tortilla ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ alágbàdo tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Dípò ẹran tí àwọn ará Mẹ́síkò máa ń gé wẹ́wẹ́ sí i, chapli kebab ló wà nínú rẹ̀: ẹran màlúù lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ àlùbọ́sà, tòmátò, ata tútù, àti èròjà olóòórùn dídùn méjì, kúmínì àti èso kórìáńdérì tí wọ́n fọ́ díẹ̀. Oúnjẹ àwọn ẹ̀yà Pashtun ni, láti ìlà oòrùn Afghanístàn títí dé Peshawar ní Pakistan.

Mo máa ń dúró níbi kántà wo ẹni tó ń dín in. Á bu ẹran náà tó ìkúùkù kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin gbígbóná títí etí rẹ̀ á fi rí págunpàgun, ọ̀rá á sì máa ta pàrà-pàrà. Bó bá ti yí i padà, á ju tortilla méjì sórí ọ̀rá tó ṣẹ́ kù lórí irin kí wọ́n lè mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Á wá gbé ẹran lé e, á da ọbẹ̀ ewé tútù sí i, á fi yógọ́ọ̀tì fa ìlà funfun kan kọjá lórí rẹ̀, á sì fi ìka méjì wọ́n ewé míńtì gbígbẹ lé gbogbo rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ tún máa rí bolani, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n nà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi ọ̀dùnkún tàbí ewé àlùbọ́sà kún inú rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́ po, tí wọ́n sì dín. Níbí, wọ́n máa ń fi wàràkàṣì sí i, ló bá di quesadilla. Mantu wà, ẹran lílọ̀ àti àlùbọ́sà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́ dì, tí wọ́n fi ooru omi sè. Àwọn kan máa ń dà á sórí àgbàdo díndín bíi nachos. Bẹ́ẹ̀ náà ni kabuli palaw, ìrẹsì pẹ̀lú ẹran àgùntàn, kárọ́ọ̀tì àti èso àjàrà gbígbẹ, tí gbogbo ayé mọ̀ sí olórí oúnjẹ Afghanístàn.

Báwo ni Afghanístàn ṣe pàdé Mẹ́síkò?

Ogun ló gbé ọ̀kan wá. Èkejì ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni Kalifọ́níà títí di 1848 tí Amẹ́ríkà fi ogun gbà á, nítorí náà tortilla kì í ṣe àlejò níbẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ ogun Soviet wọ Afghanístàn ní December 1979. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Afghanístàn ti ń sá wá sí Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn sì fìdí kalẹ̀ sí Fremont, ní gúúsù Oakland, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń pe apá kan àdúgbò Centerville ní Little Kabul, ìyẹn Kabul Kékeré, orúkọ olú-ìlú Afghanístàn. Nígbà tí Taliban tún gba Kabul ní August 2021, àwọn mìíràn tún dé, sí Fremont àti sí Sacramento.

Ẹ wá fojú inú wo ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Palaw ni wọ́n ń sè nílé. Bó bá jáde, òórùn taco ló ń ta sánsán láti inú ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, àmọ́ ẹran inú rẹ̀ kì í ṣe halal, ìyá rẹ̀ ò sì ní gbọ́ kó jẹ ẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni oúnjẹ yìí ti ṣẹ̀. Taco ń wu ọmọ Mùsùlùmí, ó sì fi ẹran ilé wọn ṣe é.

Kì í kúkú ṣe òní ni ará Afghanístàn ti ń ta oúnjẹ Mẹ́síkò ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Zarif Khan, ọmọ Pashtun láti agbègbè Khyber ní ẹnu ààlà Afghanístàn, tó dé ìpínlẹ̀ Wyoming ní nǹkan bí 1909. Ìlú Sheridan ló fìdí kalẹ̀ sí, tamale ló sì ń tà, títí gbogbo ìlú fi sọ ọ́ ní Hot Tamale Louie. Àgbàdo lílọ̀ ni tamale, wọ́n á fi ẹran sí i nínú, wọ́n á fi háríhá àgbàdo dì í, wọ́n á wá fi ooru omi sè é. Ẹni tó bá mọ ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé ò nílò àlàyé ju èyí lọ. Wọ́n fún Khan ní ìwé ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé òfin ìgbà náà ò fẹ́ kí ọmọ Éṣíà di ọmọ onílẹ̀. Ó di 1954 kó tó rí i gbà padà. Ẹ ò rí i pé taco oníkebab ní baba ńlá.

Ní Kalifọ́níà fúnra rẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1910 sókè, àwọn àgbẹ̀ tó wá láti Punjab ní Íńdíà fẹ́ àwọn obìnrin Mẹ́síkò ní Imperial Valley àti ní agbègbè Yuba City, ni roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ti Punjab, àti tortilla bá jọ ń gbé nínú ilé ìdáná kan náà. Ní Mẹ́síkò gan-an, àwọn ará Lebanon tó ṣí wá ló mú ọgbọ́n shawarma wá. Òun ni wọ́n sọ di al pastor, ẹran tó ń yí lórí irin òró níwájú iná.

Ṣé kì í ṣe àmúlùmálà lásán ni?

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi kan nìyí, ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tí ìyá wa ò sè rí. Ẹ wo ohun tó wà nínú àwo ará Kabul: búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ẹran yíyan, ewé kórìáńdérì, ohun kíkan kan. Ẹ wo ti ará Mẹ́síkò: búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ẹran yíyan, ewé kórìáńdérì, ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn méjèèjì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ láì mọ ara wọn. Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ni ata, tòmátò àti àgbàdo ti jáde wá, kó tó di pé wọ́n dé Éṣíà, kí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Kúmínì àti kórìáńdérì ní tiwọn bá àwọn ará Sípéènì wọ Mẹ́síkò. Ìyẹ̀fun àgbàdo pàápàá wà nínú chapli kebab látọjọ́ pípẹ́, òun ni kì í jẹ́ kí ẹran náà tú. Àgbàdo ti wà nínú ẹran kí wọ́n tó gbé ẹran lé àgbàdo.

Àmọ́ n ò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Ẹ má ra burrito onípalaw. Ẹni tó mọ palaw sè máa ń bọ ìrẹsì náà díẹ̀, á sẹ́ ẹ, á wá dé e pa mọ́lẹ̀ lórí iná kékeré títí hóró kọ̀ọ̀kan á fi dá dúró. Ẹ wá kó irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀, ẹ dì í mọ́ ẹ̀wà, wàràkàṣì àti ọbẹ̀ nínú búrẹ́dì, ẹ rọ́ ọ pọ̀ bí ẹrù ọlọ́jà: gbogbo wàhálà alásè ti ṣòfò. Ẹ bèèrè fún palaw nínú àwo tirẹ̀. Nachos onímantu dára, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tètè jẹ ẹ́; bí ẹ bá ń ya fọ́tò rẹ̀, ọbẹ̀ á ti rẹ àgbàdo díndín náà kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.

Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Taco oníkebab méjì àti bolani kan tí ẹ ó jọ pín. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ fi palaw kan kún un sí àárín tábìlì. Lẹ́yìn oúnjẹ, firni, ìyẹn mílíìkì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo mú ki, tí wọ́n fi cardamom, èso olóòórùn dídùn kan, sí, tí wọ́n wọ́n èso pistachio lé. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Yógọ́ọ̀tì lórí ẹran? Kí ló fa ìyẹn?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù. Ìyá mi ló sì ṣe tiwọn dé góńgó. Nígbà tí wọ́n gbé taco síwájú wọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní:

“Ta ló da ògì sórí ẹran yìí?”

Mo ní: “Ẹ̀yin Màmá, kì í ṣe ògì. Yógọ́ọ̀tì ni, bíi nọ́nọ̀ àwọn Fúlàní.”

“Nọ́nọ̀? Lórí ẹran? Kí n má rí i.”

Wọ́n fa tísù yọ, wọ́n nù ún kúrò dáadáa, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n wá ní ẹran náà gbẹ. Mo ní ohun tí ẹ nù dànù ni kì bá tí jẹ́ kó gbẹ. Wọn ò dá mi lóhùn. Nígbà tí a padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, wọn ò nù ún mọ́, àmọ́ títí wọ́n fi wọ bàálù padà sílé, wọn ò gbà fún mi pé ó dùn.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé kò sí ṣúgà nínú yógọ́ọ̀tì náà. Wọ́n ti sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, wọ́n fi aáyù àti iyọ̀ sí i. Chaka ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀nba kíkan tó ní ló ń gé ọ̀rá ẹran lẹ́nu. Àwọn ará Mẹ́síkò náà ní ọ̀rá wàrà tí wọ́n ń dà sórí taco, crema lorúkọ rẹ̀, nítorí náà ààyè ti wà fún yógọ́ọ̀tì lórí taco kó tó dé. Bí ẹ kò bá tíì lè gbà á mọ́ra, ẹ ní kí wọ́n fi sínú ife kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa ti taco bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ṣé ó ta?

Rárá. Ẹ má tan ara yín. Oúnjẹ Afghanístàn kì í ta. Òórùn dídùn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe iná. Ọbẹ̀ ewé tútù náà máa ń ta díẹ̀, ìwọ̀n tí ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́fà lè fara dà. Ẹ yí sí apá Mẹ́síkò bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnu yín mọ̀ pé ẹ jẹun. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní salsa habanero, ìyẹn ọbẹ̀ tí wọ́n fi ata habanero ṣe. Habanero àti ata rodo wa, ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹ̀yà ata kan náà ni. Ata jalapeño ò tó nǹkan kan, ẹ kàn lè fi ṣeré.

Ṣé halal ni? Ṣé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀?

Lọ́pọ̀ irú ilé oúnjẹ yìí, halal ni ẹran wọn, wọ́n á sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ilẹ̀kùn mọ. Ẹ béèrè bóyá gbogbo ẹran ni tàbí ti kebab nìkan, kí ẹ sì béèrè irú ọ̀rá tí wọ́n fi se ẹ̀wà.

Ti ẹ̀wà yẹn ló ti mú mi rí. Mo mú ẹnìkan tí mo ń pè ní Alhaja lọ sí ilé oúnjẹ kan, kì í ṣe ti Fremont tí mò ń sọ yìí, n ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ “halal” gàdàgbà síta. A ra adìẹ, a ra ẹ̀wà gígún. Alhaja ti jẹ ẹ̀wà náà dé ìdajì, wọ́n ń yìn ín pé ó dùn ju ti ilé lọ, kó tó sọ sí mi lọ́kàn kí n béèrè. Ọmọbìnrin tó wà ní kántà ní manteca ni wọ́n fi sè é. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni manteca. Halal tí wọ́n kọ síta, ti adìẹ nìkan ni. Alhaja gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n ní “Astaghfirullah”, wọ́n dìde lọ fọ ẹnu. Wọn ò bínú sí mi, àmọ́ ojú tì mí dé egungun. Ní Mẹ́síkò, ọ̀pọ̀ alásè ló ń fi manteca se ẹ̀wà, tí wọ́n sì ń fi í po tamale. Kì í ṣe ẹ̀tàn, bí wọ́n ṣe ń sè é nìyẹn. Ẹnu yín ni kí ẹ lò.

Ṣé wọ́n ń ta ọtí?

Èyí tó pọ̀ jù kì í tà. Àwọn kan ń ta bíà. Ẹ má gbé tiyín wá láti ilé láì béèrè.

Kí ni wọ́n ń mu níbẹ̀ nígbà náà?

Ẹ ó rí ìgò pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí wọ́n kọ “jamaica” sí. Zobo ni. Mo tún un sọ: zobo ni. Òdòdó ìṣápá kan náà tí à ń sè nílé ni àwọn ará Mẹ́síkò ń rẹ, tí wọ́n ń fi ṣúgà sí, tí wọ́n ń mu ní tútù. Agua de jamaica ni wọ́n ń pè é, “hamáíkà” sì ni bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà. Kò sí atalẹ̀ nínú tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kánáfùrù, torí náà á dà bíi zobo tí ẹnìkan gbàgbé láti parí. Horchata wà pẹ̀lú, omi ìrẹsì funfun tó ní sínámọ́nì àti ṣúgà. Doogh ni ti Afghanístàn: yógọ́ọ̀tì tí wọ́n fi omi là, pẹ̀lú iyọ̀ àti míńtì. Ẹni tó bá gbé e mu pẹ̀lú èrò pé ó dùn á ya ẹnu. Tíì aláwọ̀ ewé oní-cardamom ni mo fi ń parí, tèmi o.

Ọwọ́ ni kí n fi jẹ ẹ́ ni àbí fọ́ọ̀kì?

Ọwọ́. Fọ́ọ̀kì ò ní nǹkan ṣe nídìí taco. Ẹ fi ìka mẹ́ta gbé e, ẹ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, kí taco wà gbọọrọ. Bí ẹ bá tẹ taco dípò orí, ohun inú rẹ̀ á bọ́ sí yín láyà. Nínú ilé àwọn ará Afghanístàn, aṣọ tí wọ́n ń pè ní dastarkhan ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, gbogbo ilé á jókòó yí i ká, ọwọ́ ọ̀tún á máa lọ, á máa bọ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ jẹ palaw níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wò yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ti ń gé òkèlè láti kékeré ò ní ṣòro fún.

N kì í jẹ ẹran. Ṣé ọ̀nà wà fún mi?

Ó wà, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Bolani ọ̀dùnkún ò ní ẹran. Borani banjan náà ò ní, ìyẹn ikàn ńlá elésè àlùkò tí wọ́n dín, tí wọ́n fi tòmátò àti yógọ́ọ̀tì sí. Aushak ni kí ẹ ṣọ́: ó jọ mantu, ewé ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n sábà máa ń da ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ sórí rẹ̀. Palaw tún wá burú jù, torí pé bí ẹ bá ṣa gbogbo ẹran inú rẹ̀ kúrò, omi ẹran ni wọ́n fi se ìrẹsì náà.

Ara mi kò gba àwọn oúnjẹ kan. Kí ni kí n bèèrè?

Bí ara yín kò bá gba ẹ̀pà tàbí irú èso bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n nípa ọbẹ̀ ewé tútù, nítorí àwọn kan máa ń lọ àsálà òyìnbó mọ́ ọn. Pistachio tàbí álímọ́ńdì máa ń wà lórí firni àti nínú palaw. Lára naan, búrẹ́dì wọn, ẹ lè rí hóró sẹ́sámè. Láti January 2023 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka sẹ́sámè mọ́ àwọn nǹkan mẹ́sàn-án tí ó gbọ́dọ̀ hàn lára oúnjẹ inú páálí, àmọ́ oúnjẹ tí wọ́n sè níwájú yín kì í ní páálí, torí náà ẹ béèrè. Tortilla àgbàdo kò ní àlìkámà nínú, ṣùgbọ́n orí irin kan náà tí wọ́n ti ń dín bolani ni wọ́n máa ń gbé e lé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà rárá, kó sọ fún alásè kó tó sanwó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ra oúnjẹ níbẹ̀? Tíìpù ńkọ́?

Ẹ ó tò sí kántà, ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ ó sanwó, wọ́n á gba orúkọ yín. Orúkọ kúkúrú ni kí ẹ fún wọn. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pe Olúwáfúnmiláyọ̀ rí, a ò mọ̀ pé àwa ni títí taco fi tutù. “Fúnmi” ti tó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí ojú iPad sí yín, á máa béèrè tíìpù, ìyẹn owó ìmọrírì fún òṣìṣẹ́: 18, 20 tàbí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlejò láti Nàìjíríà máa ń rò pé owó orí ni. Kì í ṣe owó orí. Owó orí ti wà lọ́tọ̀ nínú ìwé owó yín, torí pé Kalifọ́níà ń gba owó orí lórí oúnjẹ gbígbóná. Òfin ìpínlẹ̀ yìí ò gba ẹni tó ni ilé oúnjẹ láyè láti fi tíìpù dí owó oṣù òṣìṣẹ́, nítorí náà ẹ kò pa ẹnikẹ́ni lébi bí ẹ bá tẹ ìwọ̀nba. Níbi tí mo ti ń gbé oúnjẹ fúnra mi, mo máa ń fún wọn ní nǹkan bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá gbé e wá sí tábìlì, tí wọ́n ń bu omi, tí wọ́n palẹ̀ àwo mọ́, mo máa ń sún un sókè sí 18 tàbí 20.

Ṣé mo lè kó àwọn ọmọ dání?

Ẹ kó wọn wá. Ìdílé ló ń kún ibẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, ariwo ọmọ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bolani ọ̀dùnkún ni kí ẹ rà fún wọn.

Mo fẹ́ kí wọn ní èdè wọn.

“Salaam” ti tó fún ará Afghanístàn. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹni tó ń sọ Dari ni “tashakor” fún, ẹni tó ń sọ Pashto ni “manana” fún. Ẹ má ro pé èdè kan ni gbogbo wọn ń sọ, bí a ò ṣe fẹ́ kí ẹnìkan kí ọmọ Ìjẹ̀bú ní èdè Hausa. Nínú ilé ìdáná, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń dín ẹran jẹ́ ará Mẹ́síkò, “gracias” ni tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn jù: “nosh-e jan”. Ẹni tó gbé oúnjẹ fún yín ló ń sọ ọ́. Ó súnmọ́ “á gba ibi ire” tiwa pẹ́kípẹ́kí.

Nígbà ààwẹ̀ Ramadan ńkọ́?

Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Àwọn kan kì í ṣí lọ́sàn-án. Bí oòrùn bá ti wọ̀, èrò á kún fọ́fọ́. Ẹ ó rí dàbínù lórí tábìlì àti àwọn tó jókòó ti oúnjẹ wọn láì tíì fọwọ́ kàn án, tí wọ́n ń wo fóònù fún àkókò ìṣínu. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbààwẹ̀, ẹ fi sùúrù dúró díẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ bu tiwọn.

N kò ní mọ́tò. Báwo ni mo ṣe máa débẹ̀?

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin BART láti Oakland dé ibùdó Fremont, kí ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì. Tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Capitol Corridor, tó ní ibùdó ní Centerville gan-an, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn dé Fremont Boulevard. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ tó ń padà kí ẹ tó jókòó. Ọkọ̀ yẹn ò pọ̀ lálẹ́.

N ò lè dé Kalifọ́níà. Ṣé mo lè ṣe é nílé?

Dáadáa. Ẹ wá 500 gíráàmù ẹran màlúù lílọ̀ tó lọ́ràá díẹ̀; ẹran tí kò lọ́ràá á gbẹ, á sì le. Ẹ rin àlùbọ́sà ńlá kan, ẹ fún omi rẹ̀ dànù pátápátá, torí omi yẹn ló máa ń mú kí kebab tú lórí iná. Ẹ gé tòmátò kan wẹ́wẹ́, ẹ yọ hóró rẹ̀. Ata tútù méjì. Èso kórìáńdérì ṣíbí kan tí ẹ fi ọmọ ọlọ fọ́ ṣáká-ṣàkà, ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná. Kúmínì ṣíbí kékeré kan, iyọ̀, ẹyin kan, àti ìyẹ̀fun àgbàdo ṣíbí mẹ́ta. Àwọn fúnra wọn máa ń fi hóró pómégíránátì gbígbẹ sí i fún kíkan. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ pò ó, ẹ gbé e sí fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ẹ tó dín in, ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́lẹ́, kó fẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, torí ó máa súnkì.

Fún ọbẹ̀ rẹ̀, ẹ lọ ìdì ewé kórìáńdérì kan pẹ̀lú aáyù mẹ́ta, ata bí ẹ bá ṣe lè jẹ ẹ́ sí, ọtí kíkan àti iyọ̀. Ẹ da yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà sínú aṣọ funfun mímọ́, ẹ so ó kọ́ fún wákàtí méjì kí omi rẹ̀ jáde.

Tortilla ni wàhálà. Kì í ṣe ìyẹ̀fun àgbàdo tí a ń rí lọ́jà wa ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ti kọ́kọ́ se àgbàdo náà nínú omi tí wọ́n fi ohun funfun kan tó dà bí ẹfun sí, iṣẹ́ tó sì ń ṣe jọ èyí tí kánún ń ṣe nínú ẹ̀wà: ó ń tú èèpo, ó ń mú kí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè dì mọ́ra. Ìyẹ̀fun lásán ò ní nà, á máa fọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Houston, ẹ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ oníshawarma ṣe é, kò burú.

Oúnjẹ mi ṣẹ́ kù. Báwo ni mo ṣe máa gbé e kaná lọ́jọ́ kejì?

Ẹ gbé bolani sórí páànù gbígbẹ, iná kékeré, ìṣẹ́jú méjì-méjì lójú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi sínú makirowéèfù, á le bí awọ pọ̀nmọ́ tí kò jinná. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí palaw, ẹ dé e dáadáa. Mantu dára nínú ìkòkò oníhò tó ń fi ooru omi sè, láìfi yógọ́ọ̀tì rẹ̀ sí i títí ẹ ó fi gbé e kalẹ̀. Taco ní tirẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀.